Bí A Ṣe Ṣètò Ìrìn-àjò Ojú Irin Láti Agbójú dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe rò pé ti Mẹ́kà ni o. Èyí tí mo fẹ́ sọ kò kọjá Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé láti Agbójú dé Ìbàdàn kò gba ètò, kí onítọ̀hún fà sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní London. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí wa pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ lo ìsinmi àwọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọn yóò wọ ọkọ̀ ní London, wọn yóò gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkun, èyí tí ọkọ̀ èrò ti ń gbà kọjá láti ọdún 1994, wọn yóò sì sọ̀ ní Brussels. Láti ibẹ̀ wọn yóò lọ sí Cologne ní ilẹ̀ Jámánì, wọn yóò yà sí Amsterdam, wọn yóò wá gba Paris padà sílé. Ìlú mẹ́rin, orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo rẹ̀ ni ó kọ sórí ìwé: agogo tí ọkọ̀ yóò gbéra, agogo tí yóò gúnlẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní láti fi bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, mọ́ṣáláṣí tí ó súnmọ́ ibi tí wọn yóò sùn, àti ilé oúnjẹ tí wọn kì í ti í se ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Mo ka ìwé yìí fún ìyá mi nínú pálọ̀ wa ní Agbójú, mo sì ń mi orí bí mo ṣe ń kà á. Ẹ mọ̀ pé àwa tí a di ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé mú, kí á tó fi ẹsẹ̀ tẹ Brussels, a ó kọ́kọ́ tẹ ìka, a ó ya fọ́tò, a ó sì kó ìwé báǹkì kalẹ̀ láti fi dá wọn lójú pé a óò padà wálé. Mo ká ìwé náà, mo ní, "Ó dára fún wọn."

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Nígbà tí bàbá yín wà láyé, a máa ń wọ rélùwéè ní Ẹbúté-Mẹ́ta, a ó sọ̀ ní Láfẹ́nwá, a ó sùn ní Abẹ́òkúta, a ó tún wọ̀ ọ́ dé Dùgbẹ̀. Ṣé ìyẹn ti tán ni?"

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹbúté-Mẹ́ta títí wọ́n fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Ojú irin tí ìyá mi ń sọ yìí ni èyí tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Kánò ní 1912. Mo fẹ́ dáhùn pé òmíràn ti wà báyìí, ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú irin ni wọ́n ń bi mí. Ẹni tí ó bá sọ̀ ní Dùgbẹ̀ kò jìnnà sí Òkè-Àdó mọ́, Òkè-Àdó sì ni àbúrò wọn ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Ìyá mi ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ìyá Òkè-Àdó ni àwa ọmọ ń pè wọ́n. Nígbà tí ìyá àwọn méjèèjì kú, wọ́n bá àpótí kan ní yàrá arúgbó tí aṣọ òfì mẹ́ta àti yẹtí wúrà kan wà nínú rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ni àkọ́bí, wọ́n gbé e. Ìyá Òkè-Àdó ní àwọn ni àwọn tọ́jú arúgbó lọ́dún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé wọn. Ọ̀rọ̀ tí àlùfáà ìbá parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, nítorí ẹ̀sìn wa ti pín ogún sílẹ̀ kí á tó bí wa, ìpín ọmọbìnrin méjì sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ pe àlùfáà? Wọ́n gbé ìbínú kálẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí Mùsùlùmí méjì kẹ̀yìn síra wọn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ti àwọn ìyá mi wọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan wà ní Abẹ́òkúta, ọmọ bàbá kan náà ṣùgbọ́n ìyá ọ̀tọ̀, tí a ń pè ní Bàbá Ìtòkú. Àwọn ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ìyá mi ti dárúkọ Dùgbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n kígbe "Àlùhàmdùlíláì!" wọ́n sì bá Ìyá Òkè-Àdó sọ ọ́ títí wọ́n fi dá ọjọ́ fún wa. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin ni.

Ibí yìí ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ agogo mẹ́jọ àárọ̀, mo sì rò pé ètò ti parí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Mo ní kí ó wá gbé wa lọ sí ìbùdókọ̀ ní Alágoméjì, kí àwọn ará àdúgbò lè rí i pé ìyá mi ń rìnrìn-àjò. Fáàrí ni, kí n má purọ́. A kírun Àsùbáà tán, a jókòó mu kòkó, a ń ya fọ́tò lẹ́nu géètì. Nígbà tí a fi dé Orílé, mọ́tò kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ìyá mi ń ka tẹ̀sùbáà, èmi ń ka ìṣẹ́jú. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a dé Alágoméjì, ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ bá mi rò ó. Danfó a máa dúró de èrò. Àní, a máa bẹ èrò, a máa fa èrò ní apá. Láti kékeré ni ọkọ̀ ti ń dúró dè wá, a kò sì mọ̀ pé ó ti bà wá jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni.

A padà sílé. Ìyá Òkè-Àdó ti se oúnjẹ sílẹ̀. Wọn kò pè mí, wọn kò pe ìyá mi. Bàbá Ìtòkú ni wọ́n pè. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé mo ti rí ọwọ́ wọn. Mo ti fi oúnjẹ náà ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéwú." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n wọ yàrá wọn, wọn kò sì jáde títí di Màgàríbì. Wọn kò bá mi wí rárá. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Nígbà tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi nínú oṣù Kẹjọ, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì mú ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti London jáde, mo tún un kà bí ẹni tí ó ń kọ́ kéwú. Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ó ṣe: láti ẹ̀yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ agogo tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ìlú tó gbẹ̀yìn, ó wá ń ká a bọ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èmi láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà ni mo sì parí sí.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Àdó. Ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Òkè-Àdó kì í lọ sọ́jà. Nítorí náà ọjọ́ Sátidé ni kí á dé Ìbàdàn. Wọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún wa bí Bàbá Ìtòkú kò bá sí láàrin wa. Nítorí náà kí á yà gbé Bàbá Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Bí a bá sì máa yà ní Abẹ́òkúta, kí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ bá wa níbẹ̀, kí á kírun Jímọ̀ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò àwọn Ẹ̀gbá ní Kobiti, ibi tí ìyá mi ti kírun nígbà ọ̀dọ́ wọn. Èyí sọ ọjọ́ tí a óò kúrò ní Èkó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ rí i pé èmi kọ́ ni mo mú ọjọ́ mọ́; ọjọ́ ni ó mú ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi Òṣogbo kún un, wọ́n fi Ìlọrin kún un, èyí kékeré tún kọ Kánò. Mo fi gègé pa á rẹ́. Ojú irin tuntun kò tíì kọjá Ìbàdàn. Àwọn àgbàlagbà yóò rántí pé nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà a máa fi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kó àwọn ọmọ Ọ̀ṣun lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá ṣe ọdún Iléyá nílé. Ṣùgbọ́n ojú irin mìíràn nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé Òṣogbo láti Ìbàdàn, mọ́tò ni yóò wọ̀, orúnkún ìyá mi kò sì fẹ́ràn mọ́tò.

Orúnkún yìí ni mo fi ṣe ìwọ̀n gbogbo ètò. Ní ọjọ́ Tuesday kan, mo rin ọ̀nà náà lémi nìkan bí ẹni pé èmi ni ìyá arúgbó. Ó ní ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ìjọba Èkó ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, 2023. Iná mànàmáná ni ó ń lò. Ipa àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13, láti Mile 2 dé Marina, ibùdó márùn-ún sì ni ó ní. Ti Agbójú wa wà nínú ipa kejì, èyí tí yóò lọ sí Okokomaiko. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a óò kọ́kọ́ wọ̀ dé Mile 2. Mo wo àtẹ̀gùn ibẹ̀, mo wá ibi tí ẹ̀rọ tí ń gbéni lọ sókè wà, mo ra káàdì tí wọ́n fi ń wọlé, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, mo sì wọ ọkọ̀ náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé orí Orílé kan náà tí mo ti ń làágùn nínú oṣù Kẹrin ni ó gbà kọjá? Mo bojú wolẹ̀, mo rí àwọn mọ́tò nísàlẹ̀, wọ́n tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo sọ̀ ní ibùdó Tíátà ní Igánmú, nítorí pé ẹni tí ó bá lọ dé Marina ti kọjá ibi tí à ń lọ. Láti Igánmú, takisí dé Alágoméjì kò pẹ́. Mo kọ gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi wákàtí kan lé e. Ìyàwó mi ní wákàtí kan ti pọ̀ jù. Mo ní kí ó bi Ìyá Òkè-Àdó bóyá ó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí mo lọ bá àlùfáà wa ní Agbójú nípa ìrun. Ìrìn lílọ kò ní wàhálà, nítorí pé ọkọ̀ àárọ̀ yóò ti sọ̀ wá kalẹ̀ kí Àílà tó tó. Ti àbọ̀ ni ó dí mi lójú. Ọkọ̀ ọ̀sán tí a fẹ́ wọ̀ padà láti Ìbàdàn, agogo mẹ́rin ni, agogo náà gan-an ni Àlàásárì ń wọlé; kí ó sì tó dé Èkó, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àlùfáà ní kí n má dààmú. Wọ́n ní arìnrìn-àjò tí ọ̀nà rẹ̀ bá tó ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sọ, bí ìwọ̀n ọgọ́rin kìlómítà, lè dín ìrun olópòó mẹ́rin kù sí méjì. Ó tún lè kó Àílà àti Àlàásárì pọ̀, kí ó sì kó Màgàríbì àti Ìṣáì pọ̀. Ṣùgbọ́n Àsùbáà àti Màgàríbì kò ṣé é dín. Bí ó bá sì ti pinnu láti dúró sí ìlú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kí ó máa kí ìrun rẹ̀ ní pípé. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, nítorí náà ó tó, ó ṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Ní Mọ́níyà, kí á kírun méjèèjì pọ̀ kí á tó wọ ọkọ̀. Ẹ rántí bùtà."

Àlùfáà kò jẹ́ kí n lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ti dé Mẹ́kà rí, wọ́n sì fẹ́ sọ nípa ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2018, tí ó ń gbé àwọn àlejò Ọlọ́run láàrin Mẹ́kà àti Mọ̀dínà, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 450, tí ó sì lè sáré dé ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n ní kí n má rò pé nǹkan tuntun ni: ní 1908 ni ojú irin tí ọba àwọn Tọ́kì ní kí wọ́n ṣe láti Damascus ti dé Mọ̀dínà. Wọ́n tún fẹ́ sọ ti Kairo, ni mo bá dìde.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ni a ti kírun tán, àpò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. A di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, a mú omi, a mú agboòrùn nítorí òjò oṣù Kẹjọ. Ìyá mi gbé báàgì kan tí n kò mọ̀ rí, ó wúwo, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e. Nínú ìwé mi, báàgì mẹ́ta ni mo kọ. Èyí sọ ọ́ di mẹ́rin. N kò sọ̀rọ̀.

A dé Alágoméjì nígbà tí ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ Mọ́bọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n fi pe ibùdó náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọ̀nà yìí. Ìyá mi jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ irin méjì tí ó wà nílẹ̀, wọ́n ní ó gbòòrò ju ti ayé bàbá mi lọ. Òótọ́ ni: ti àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà, ti ìsinsìnyí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀, ọkọ̀ tí ó bá ń rìn lórí ọ̀kan kò sì lè rìn lórí èkejì. Bí ọkọ̀ ṣe fọn fèrè, agogo mẹ́jọ géérégé, àwọn ọmọ pariwo. Ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lórí. N kò lè wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun ti ṣètò tán, ẹ bi í bóyá ó bá àwọn àgbà sọ ọ́. Nígbà tí a sọ̀ ní Abẹ́òkúta, a kò rí Bàbá Ìtòkú. A dúró, a dúró. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti wà ní ìbùdókọ̀ láti agogo mẹ́jọ, àwọn kò rí ọkọ̀ kankan. Kò pẹ́ tí ó fi yé mi. Ìyá mi ni wọ́n ti pè wọ́n lálẹ́ àná pé kí wọ́n wá pàdé wa ní Láfẹ́nwá, níbi tí rélùwéè ti ń sọ èrò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibùdó tuntun, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, Ládèrin ni ó wà, lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí Bàbá Ìtòkú dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu òógùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti gbé rélùwéè kúrò níbi tí àwọn bàbá wa fi í sí!" Bí ẹ bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn: ti Abẹ́òkúta kò sí ní Láfẹ́nwá mọ́, ti Ìbàdàn kò sí ní Dùgbẹ̀ mọ́, Mọ́níyà ni. Ẹ ṣètò mọ́tò tí yóò gbé yín wọ ìlú kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì bèèrè àkókò ọkọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé a máa yí padà.

Ọjọ́ méjì ni a lò ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ gun Olúmọ, èmi gùn ún dé ìdajì, ìyá mi jókòó nísàlẹ̀ ń jẹ gúgúrú. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n fi ṣe wá lálejò títí ìyàwó mi fi ń bèèrè bóyá ẹ̀bà wà nílé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ a kírun ní Kobiti. Ìyá mi pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan fi tọ́ wọn lẹ́jìká wò bóyá àlàáfíà ni. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní kí a yà sí ọjà adìrẹ ní Ìtòkú. Wọ́n ra ìgàn méjì, àwòrán kan náà, aró kan náà. N kò bèèrè ẹni tí wọ́n ra èkejì fún.

Ní Sátidé, àwa mẹ́fà ni a wọ ọkọ̀, Bàbá Ìtòkú ti kún wa. Ọmọ mi àgbà ń ka orúkọ àwọn ibùdó fún ìyá mi láti orí fóònù rẹ̀, nítorí pé orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì ni wọ́n fi pe gbogbo wọn. Ó ka ti Olódò, Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ni. Ó ka ti Ọmí-Adió, Ládòkè Akíntọ́lá ni. Ó ka èyí tó gbẹ̀yìn, ti Ìbàdàn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni.

Ìyá mi gbé ojú sókè. "Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí a bá ti kúrò ní ti Akíntọ́lá, ti Awólọ́wọ̀ ni ó kàn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ kò nílò àlàyé. Àwọn ọmọdé ni kí n sọ fún pé ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n wà, ọ̀kan ni ó sì fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ fún èkejì ní 1959. Ní 1962 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, ìlú sì gbóná. Wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní, 1966. Awólọ́wọ̀ gbé ayé títí di 1987. Ìyá mi rí gbogbo rẹ̀ ní ọmọdébìnrin. Wọ́n wo Bàbá Ìtòkú, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, Bọ̀dá? Ojú irin kan náà." Bàbá Ìtòkú kò dáhùn, wọ́n kàn ń fi tẹ̀sùbáà lu itan. Láti ibẹ̀ dé Mọ́níyà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nínú ìwé mi, mo ti kọ pé mọ́tò kan yóò gbé wa láti Mọ́níyà dé Òkè-Àdó, mo sì ti bá dírẹ́bà náà dúnàá-dúrà. N kò kọ ohun tí a rí níbẹ̀. Bí a ti jáde, tí mo ń wo ọ̀tún wo òsì fún dírẹ́bà mi, mo rí obìnrin kan lábẹ́ òrùlé, ó fi ìbòrí funfun borí, ó jókòó ti agboòrùn rẹ̀. Ìyá Òkè-Àdó ni. Wọ́n ti rù. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe eré.

Ìyá mi dúró. Ìyá Òkè-Àdó dìde, wọ́n kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní, "Wọ́n ní rélùwéè kì í dúró de ènìyàn. Mo ní kí èmi wá dúró dè é."

Ìyá mi fẹ́ gbé wọn dìde, orúnkún kò gbà, ni àwọn náà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èrò, wọ́n fa báàgì tí ó wúwo náà sọ́dọ̀, wọ́n ṣí i. Aṣọ òfì mẹ́ta ni, àti yẹtí wúrà nínú áńkáṣíìfù. Dírẹ́bà mi dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè. Mo ní kí ó dúró.

Bí wọ́n ṣe pín in, kò gùn. Bàbá Ìtòkú pe àlùfáà àdúgbò ní Òkè-Àdó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òfì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ta ẹ̀kẹta, wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe sàráà fún ìyá wọn. Yẹtí ni ó kù. Àlùfáà ní kí wọ́n ta òun náà kí wọ́n pín owó rẹ̀, àwọn méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: yẹtí kan fún ọ̀kan, yẹtí kan fún èkejì. Ìyàwó mi bèèrè pé etí wo ni wọn yóò fi sí. Wọ́n ní kò kàn án.

Ní ọjọ́ Àìkú a mú àwọn ọmọ lọ wo Mápó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, a sì lọ sí Dùgbẹ̀ lọ wo Ilé Kòkó, alájà 26, èyí tí wọ́n kọ́ tán ní 1965. Àwọn ìyá méjèèjì kò wo Ilé Kòkó. Ìbùdókọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ní kí a mú àwọn lọ wò, wọ́n sì dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń jiyàn nípa ibi tí obìnrin kan tí ń ta àkàrà máa ń jókòó sí.

Ọjọ́ Ajé ni a padà. Agogo kan ọ̀sán ni Ìyá Òkè-Àdó ti ń lé wa jáde nílé pé ọkọ̀ yóò lọ. A dé Mọ́níyà, a fi bùtà ṣe àlùwàlá, a kó Àílà àti Àlàásárì pọ̀, òpó méjì méjì, a sì jókòó de agogo mẹ́rin. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí Ìyá Òkè-Àdó kò hàn mọ́ ní fèrèsé, ìyá mi gba ìwé àkọsílẹ̀ mi, wọ́n ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n dé ojú ewé tí àwọn ọmọ kọ ìlú sí, tí mo ti fi gègé pa rẹ́.

"Kí ni mo rí tí o parẹ́ níbí?"

Mo sọ fún wọn.

"Tún Òṣogbo kọ," ni ìyá mi wí. "Àbúrò mi ní òun yóò bá wa lọ."